Àmín Tó Ń Di Páálí

Mọ́ńdè, 20 oṣù kẹwàá

Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé, tí mo fi ọdún mẹ́tàlá tọ́, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì láàárọ̀ yìí tó ń fún mi ní gbèdéke. "O mi ridai la camera, mamma, o vado da papà." Kí n dá yàrá òun padà fún òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ń lọ bá bàbá òun ní Padova! Mo ní, "Dára, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Con te. Entro il trenta novembre." Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kó má sì kọjá ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀. Ó tún dá ọjọ́ fún mi, bí ìgbà tí onílé ń lé ayálégbé. Ǹ bá fọ́ ọ létí, àmọ́ búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi.

Kí n má parọ́ fún ara mi nínú ìwé ara mi. Ọmọ náà kò ní yàrá. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń sùn lórí àga gígùn, divano, ní pálọ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì oúnjẹ, tí ọbẹ̀ ń ta sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí àwọn obìnrin orí fóònù bá ti gbé sókè pé òun layé ń rà, èmi náà á rà á, yàrá Dára ni mo sì ń kó o sí. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ dín dùńdún, méjì, nítorí pé èkejì ní dúrọ́ọ̀ méjì. Ìbòjú oníná pupa tó yẹ kó sọ ojú mi di ti ọmọge, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi bojú, Dára ké "Jésù!" ó sá wọ balùwẹ̀. Ẹ̀rọ ìrìn tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan, tí mo fi ń sá aṣọ. Ife omi tó tóbi tó garawa, mẹ́rin, àwọ̀ mẹ́rin. Abẹ́ gbogbo wọn ni tábìlì ìkàwé ọmọ náà wà. Ó ní láti ṣì wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ gbé e?

Ìwé tí mo ń kọ yìí gan-an, inú páálí ni mo ti yọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá kò sí obìnrin orí fóònù tí kò ní i lọ́wọ́: ìwé ìdúpẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pé "Oggi sono grata per", kí èèyàn wá máa kọ ohun tó ń dúpẹ́ fún lójoojúmọ́. Mi ò kọ nǹkan kan sí i rí. Ó dáa. Lónìí mo dúpẹ́ pé bàbá rẹ̀ ò tíì gbọ́.

Mo ti pinnu. Títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, mi ò ní ra ohunkóhun tí fóònù bá fi hàn mí. Màá sì kó ohun tó wà nínú yàrá yẹn jáde.

Túsìdé, 21

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́. Káyọ̀dé pè láti Padova nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́ ní Marghera, níbi tí wọ́n ti ń jó irin ọkọ̀ ojú omi. Kò pariwo. Ó ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ Tòkunbọ̀ àbúrò òun tí òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tábìlì wà níbẹ̀, fèrèsé wà níbẹ̀. Ó ní òun ti forúkọ àwọn sílẹ̀ láti lọ wo liceo kan, ilé ẹ̀kọ́ girama, níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá.

Mo ní, "Ẹ̀yin àti ta ni?"

Ó ní, "Èmi àti ọmọ mi."

Ọmọ rẹ̀! Ẹni tó máa ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì! Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó. Ibi tí a bá forúkọ Dára sí ní oṣù kìn-ín-ní, ibẹ̀ ni yóò wà fún ọdún márùn-ún gbáko. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè jẹun.

Fúráìdé, 24

Mo ti yọ ara mi kúrò lẹ́yìn gbogbo ọlọ́jà orí fóònù, àwọn mẹ́tàlélógójì. Ọkàn mi balẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Níbi iṣẹ́, ní casa di riposo, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, èmi àti Chiara ẹlẹgbẹ́ mi gbé signora yàrá kejìlá láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Signora náà kéré lójú, àmọ́ ó wúwo bí àpò ìrẹsì. Mo ní, "Chiara, che mal di schiena!" Pé ẹ̀yìn ń ro mí. Gbólóhùn kan péré! Kí n tó dé ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, fóònù ti gbé bẹ́líìtì ẹ̀yìn wá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà obìnrin kan ń sunkún lójú fóònù pé bẹ́líìtì yìí ló dá ìgbéyàwó òun padà.

Fóònù yìí ń gbọ́ mi. Láti òní lọ, Yorùbá nìkan ni màá máa sọ létí ẹ̀.

Sátidé, 25

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá pé orí ń fọ́ mi. Ó gbé àgbo wá.

Sọ́ńdè, 26

Wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn, òkùnkùn á ti dé kí èèyàn tó jẹun alẹ́. Òtútù ti ń mú.

Lẹ́yìn ìsìn, Bùkọ́ dì mọ́ mi. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin Porta Nuova lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Torino, tó bọ́ kóòtù ọrùn ara rẹ̀ fún mi. Mi ò lè sá fún Bùkọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Bùkọ́ ti di ọlọ́jà. Ní Túsìdé, Tọ́sìdé àti Sátidé, á tan iná yíká ara rẹ̀, á jókòó síwájú fóònù, á máa ta ọjà ní láìfù. Bó bá ti gbé ọjà kan sókè, á ṣàdúrà lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ "Àmín" sísàlẹ̀. Bó o bá ti kọ Àmín, o ti rà á nìyẹn. Láti Barriera di Milano, àdúgbò wa níbí, dé Brescia, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn ẹ̀.

Mo sọ fún un pé mo ń gba ààwẹ̀ ọjà. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ ṣáà máa yọjú, Mummy Dára. Wíwò kì í ṣe rírà, ma."

Òótọ́ ni. Wíwò kì í ṣe rírà.

Túsìdé, 28

Mo yọjú. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí Bùkọ́ lè rí orúkọ mi.

Ó gbé ìkòkò aláwọ̀ ewé kan sókè, ó ní oúnjẹ kì í jó mọ́ ọn. Ó gbé ohùn sókè: "Ẹni tó bá gbé ìkòkò yìí kaná, ẹkún ò ní ba oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ láé!" Kí n tó mọ̀, ìka mi ti kọ Àmín. Ta ló máa gbọ́ irú àdúrà yẹn tó máa dákẹ́? Bí àgbà bá ṣàdúrà nílé wa, tó o bá pẹ́ kó o tó ṣe Àmín, ìyá mi á bi ọ́ bóyá ẹlòmíì lo fẹ́ kó gbà á. Ó tún gbé ẹ̀rọ ìgélùbọ́sà sókè: "Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń gé àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á gé ọwọ́ ọ̀tá kúrò lọ́rọ̀ yín!" Àmín ni mo tún kọ. Mo ní kí n máa lọ báyìí. Ló bá gbé fìlà ìsùn onísílíìkì sókè, ó di ojú, ó ní, "Ẹni tó bá dé fìlà yìí, ọmọ rẹ̀ ò ní fi í sílẹ̀ lọ!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ Àmín tìyẹn.

Ìkòkò kan, ẹ̀rọ ìgélùbọ́sà kan, fìlà mẹ́ta.

Tọ́sìdé, 30

Mo pe Bùkọ́ pé mo fẹ́ dá ọjà padà.

Ó wá ní, "Mummy Dára, ẹ fẹ́ dá àdúrà padà?"

"Bùkọ́, ọjà ni mo sọ. Mi ò sọ àdúrà."

"Inú páálí kan náà ni wọ́n jọ wà, ma. Ìkòkò yẹn ń kọ́? Kí n pa Àmín ẹ̀ rẹ́?"

"Pa á rẹ́."

"Kí ẹkún wá máa ba oúnjẹ yín jẹ́?"

"Ó tì o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Àmín. Fìlà ń kọ́? Ti ọmọ yẹn?"

Mo ní kó fi wọ́n ránṣẹ́. Ọmọ yìí gbọ́n jù.

Sátidé, 1 oṣù kọkànlá

Ognissanti, ọjọ́ ìsinmi gbogbo àwọn ẹni mímọ́. Ilé ìtajà tì, Káyọ̀dé dé láti Padova. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó lọ ṣílẹ̀kùn yàrá Dára, ilẹ̀kùn náà ò ṣí ju bí orí ológbò ṣe lè wọlé lọ. Mo ń retí kó bínú. Ẹ̀rín ló rín, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnìkan tẹ aago ilẹ̀kùn, ọmọ ìjọ wa kan ni, páálí Bùkọ́ wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Káyọ̀dé ní, "Fúnkẹ́, ìwọ lo ní o ò rà mọ́?"

Mo ní, "Àdúrà ni mo gbà."

Níbi tó ti ń yọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ jáde nínú báàgì rẹ̀ ni nǹkan kan já bọ́, ó ń gbọ̀n gìrìgìrì lórí ilẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọwọ́ra ni, èyí tó rí bí ìbọn, tí gbogbo ọkùnrin orí fóònù ń fi lu itan ara wọn. Ó ní wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ òun kan ló fi hàn òun, iṣẹ́ ló fà á, àti pé ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀. Dára wo èmi, ó wo bàbá rẹ̀. "Siete uguali," ó ní, bákan náà lẹ rí. Ojú tì wá, àwa méjèèjì.

Mọ́ńdè, 3

Òjò láti àárọ̀. Iṣu ní ọjà Porta Palazzo ti gbówó lórí sí i, yúrò mẹ́rin fún kílò, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ti jẹrà. Oggi sono grata per: bátìrì fóònù mi tó kú lójú ọ̀nà.

Wẹ́sìdé, 5

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde. Mo gbé ife ńlá kan àti ìbòjú oníná lọ sí ibi iṣẹ́ fún signora yàrá kejìlá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Ó fi ìbòjú bojú, ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ọba, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná ọkọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà wá pẹ̀lú tíì, ìyá mẹ́rin ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan bi mí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo ní kò ṣiṣẹ́. Ó ní kò burú, kó ṣáà kàn án. Chiara rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin wọlé, mo rò pé ó máa bá mi wí. Ó bi mí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ọ̀kan ṣì kù nílé.

Tọ́sìdé, 6

Mo tún yọjú sí láìfù Bùkọ́, ṣùgbọ́n lónìí mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Ẹnu ni mo fi ń ṣe Àmín. Mo ṣe é fún bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ tí mi ò nílò, mo ṣe é fún ẹ̀rọ tó ń fá irun imú. Ìka mi ò kan fóònù. Mo ń yọ̀ nínú ara mi pé mo ti bọ́.

Ni Bùkọ́ bá sún mọ́ fóònù rẹ̀. "Mo rí yín o, Mummy Dára. Ẹ ti wà níbí láti ìdajì wákàtí. Àdúrà mẹ́jọ, ẹ ò ṣe Àmín kan. Ṣé kò sí nǹkan, ma?"

Níwájú èèyàn ọgọ́ta ó lé! Mo pa fóònù, bí olè.

Sọ́ńdè, 9

Ó ti di ọ̀rọ̀ ìjọ. Obìnrin mẹ́ta ló bi mí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ló dé tí mi ò gba àdúrà mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Pasítọ̀ Adéògún ní kí n dúró.

"Arábìnrin, wọ́n ní ẹ ò ṣe Àmín."

"Pasítọ̀, mo ṣe é, sà. Ẹnu ni mo fi ṣe é."

"Wọ́n ní ẹ ò kọ ọ́."

Mo wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn: ọmọ mi, divano, Padova, fìlà mẹ́ta. Ẹkún fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó di ìjà láàárín èmi àti Bùkọ́, kí àlàáfíà wà. Wọ́n wá wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń bọ̀, wọ́n bi mí, "Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ dín nǹkan yẹn, ẹ ní méjì ni?"

Ọ̀kan ti jáde nílé. Ògo ni fún Ọlọ́run.

Sọ́ńdè, 16

Èmi àti Dára kó páálí mẹ́rìnlá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀ tí a yá lọ́wọ́ ará ìjọ kan. Mo tò wọ́n sórí tábìlì ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kéde pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kí gbogbo èèyàn wá mú.

Kò sẹ́ni tó wá. Wọ́n ń wo tábìlì náà láti òkèèrè bí ẹni ń wo ẹbọ ìkóríta. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé, "Ẹrù tuntun, inú páálí, ó ń kó o dànù? Kí ni Ọlọ́run fi hàn án nípa ẹ̀?" Èkejì ní òun á kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Ìyá àgbà kan fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀rọ búrẹ́dì díẹ̀, ó yára fà á padà.

Dára yọ bírò. Ó ya ewé ìwé, ó kọ "2 euro" sí orí gbogbo wọn. Ogún ìṣẹ́jú, kò ku páálí kan. Obìnrin tó fẹ́ kọ́kọ́ gbàdúrà gan-an ló kó ife mẹ́ta, ó tún ní kí n já ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì kúrò.

Dára ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ó ní, "Le conosco, mamma," òun mọ̀ wọ́n.

Wẹ́sìdé, 19

Mo ṣubú.

Fóònù gbé àpótí wá. Àpótí oníke tó mọ́ gaara, tó ń to ara wọn lé ara. Obìnrin kan fi tún yàrá ọmọ rẹ̀ ṣe, gbogbo nǹkan wà nípò, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ara mi pé èyí kì í ṣe ọjà, irinṣẹ́ ni. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tún yàrá ṣe láìsí àpótí? Mo kó méjìlá sínú carrello, agbọ̀n ọjà orí fóònù. Ìka mi wà lórí ibi tí wọ́n ti ń sanwó nígbà tí Dára sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Mamma. Compri scatole per metterci le scatole."

Mò ń ra àpótí láti kó páálí sí. Òótọ́ ọ̀rọ̀, kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tu. Kò pariwo o. Ó gbé báàgì rẹ̀ láti ẹ̀yìn divano, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ ohun tí màá fi fèsì. Inú mi bà jẹ́ dé ìdí.

Mo pa gbogbo ohun tó wà nínú carrello rẹ́ lójú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi Ọláfúnkẹ́ bẹ ọmọ tí mo bí. Mo ní, "Dára, má bínú. Màmá ẹ ṣe àṣìṣe." Ìyá mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé, mi ò sì mọ̀ pé ó máa ń wúwo tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ó wò mí títí. Ó yọ súwẹ́tà kan kúrò nínú báàgì náà, ó gbé e sórí divano. Ìyẹn nìkan. Àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀.

Mo fún un ní fóònù mi. Mo ní bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kó máa bá mi tọ́jú ẹ̀.

Sátidé, 22

Kùrukùru, a ò rí ilé iwájú. Káyọ̀dé ò lè wá, wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ àfikún. Ó bi mí báwo ni. Mo ní a ti rí ilẹ̀ yàrá náà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní, "Ilẹ̀?" bí ẹni tó gbọ́ pé a gbẹ́ ilẹ̀ kan wúrà. Ó ní òun ò tíì fagi lé ti ọjọ́ kẹfà o.

Mọ́ńdè, 24

Dára ló gbé fóònù mi. "Mamma, è zia Bùkọ́. Vuole che preghi tu." Ó fẹ́ kí n wá gbàdúrà.

Bùkọ́ ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ wa ti di ti ìjọ, àwọn kan ti ń lọ́ra láti kọ Àmín. Black Friday ń bọ̀, ọjà kún ilé òun dé àjà. Kí n jọ̀ọ́ wá jókòó tì òun ní láìfù, kí n ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kí ayé rí i pé kò síjà. "Àdúrà nìkan, Mummy Dára. Ẹ ò ní ra nǹkan kan."

Mo rántí kóòtù tó bọ́ fún mi ní Porta Nuova. Mo ní màá wá. Dára ní òun ò gbà mí gbọ́, òun á máa wò ó láti ilé.

Fúráìdé, 28

Àtàárọ̀ ni fóònù ti ń ké lọ́wọ́ Dára. Ó ní ọjà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló ti pè mí kí n tó jẹun ọ̀sán.

Mo dé ilé Bùkọ́ nírọ̀lẹ́. Kò sí ibi tí èèyàn lè jókòó sí, orí páálí lòun náà jókòó. Iná yí wa ká, ooru mú mi. Ó gbé mi jáde fún ayé, ó ní, "Màmá wa ti dé o!" Èèyàn igba ó lé ló ń wò wá. Bùkọ́ fún mi ní gbohùngbohùn, ó ṣí ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó ra ọjà.

Ohun tí mo mú bọ̀ láti ilé ni àdúrà kúkúrú kan, pé kí ọjà tà. Ẹ̀mí mi lọ sọ́dọ̀ Dára tó ń wò mí lórí divano, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ lórí mi. Mo di ojú. Mo ní:

"Bàbá, a dúpẹ́ tí O fún wa lójú. Má jẹ̀ẹ́ kí fóònù máa lò ó ju àwa tá a ni í lọ. Ohun tá a rà tá a ò tíì tú, dárí ẹ̀ jì wá. Obìnrin tó ní páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ ẹ̀ ò mọ̀, Bàbá, tó ti fẹ́ ra òmíì lónìí, di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ọmọ tí ẹrù wa ti lé kúrò ní yàrá ẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó lé e kúrò nílé. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí. Fún mi láyè láti rí àyè fún un."

Nígbà tí mo lajú, Àmín ti kún ojú fóònù náà, ó ń sáré lọ sókè, a ò lè kà á. Ẹlòmíì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹnìkan ní Brescia kọ pé, "Ta ló sọ ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un?" Bùkọ́ ń kọ orúkọ, ó ń kọ, òógùn bò ó. Ó wá dúró. Ó rọ̀ mọ́ mi létí. "Mummy Dára, kí ni wọ́n ń rà?"

"Wọn ò ra nǹkan kan, Bùkọ́. Àdúrà ni wọ́n ń gbà."

Ó gbé ìkòkò sókè, ó ṣàdúrà tirẹ̀, ṣùgbọ́n Àmín tèmi ò tíì tán, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ìkòkò. Níkẹyìn ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ rà á kọ "mo fẹ́ rà". Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó yani lẹ́nu bó ṣe nira tó fún èèyàn láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fẹ́ rà. Ìkòkò méjì péré ló tà.

Ó sìn mí dé bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Bùkọ́, o bínú." Ó ní, "Mo bínú, ma. Ẹ ti ba ọjà mi jẹ́." Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ nígbà tó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n èmi náà ò rí ibi jókòó sí nílé mi."

Dára ṣílẹ̀kùn fún mi kí n tó tẹ aago. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní oúnjẹ wà nínú ìkòkò.

Sátidé, 29

Káyọ̀dé dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. A kó ẹrù tó kù jáde. Ẹ̀rọ ìrìn ló kẹ́yìn, Káyọ̀dé àti ará ilé ìsàlẹ̀ ni wọ́n jọ gbé e, ará ilé ìsàlẹ̀ ló ni í báyìí, òun náà á máa sá aṣọ lé e. A gbálẹ̀. A nu fèrèsé, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ti wà lábẹ́ páálí. Tábìlì ìkàwé náà wà lẹ́bàá ògiri, eruku bò ó, sítíkà ẹlẹ́ṣin tí Dára lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀. Mo nù ún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fa àga sí i. Mo ní, "Ó yá, wá jókòó."

Ó jókòó. Orúnkún rẹ̀ kò wọlé. Ó fa àga sẹ́yìn, ó tún sún un síwájú, ó gbìyànjú láti yí ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún náà kọ́ igi tábìlì.

Tábìlì ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo dúró tì í, mo wá rí i pé bí òun àti èmi bá jọ dúró, èmi ni mo kúrú. Mi ò mọ ọjọ́ tó kọjá mi. Gbogbo ọdún méjì yẹn, ojú mi wà lórí nǹkan tí àwọn ará ibòmíì ń rà, ọmọ sì ń ga nínú pálọ̀ mi. Ẹkún gbé mi. Mo bọ́ sí kíṣìnì, mo sun ún dáadáa, mi ò fi pamọ́.

Mo gbọ́ tí Dára sọ níbẹ̀ pé, "Papà, non dirle niente." Pé kí bàbá rẹ̀ má sọ nǹkan kan sí mi.

Sọ́ńdè, 30

A ò lọ sí ìjọ. Káyọ̀dé sọ̀kalẹ̀ lọ sí cantina, yàrá ìkẹ́rùsí abẹ́ ilé, ó rí pákó níbẹ̀, ó yá ayùn lọ́wọ́ ará ilé ìsàlẹ̀. Ó rẹ́ pákó náà sí mẹ́rin, ó fi okùn ìwọ̀n wọ̀n ọ́n láti orúnkún Dára sílẹ̀, ó kan wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ọ̀kan gùn ju àwọn yòókù lọ, ó tún un rẹ́. Ó ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, ó ń súfèé. Mo gbé omi fún un. Mi ò bi í nípa ọjọ́ kẹfà, òun náà ò sọ ọ́.

Dára jókòó. Orúnkún wọlé. Ó kó ìwé rẹ̀ jáde nínú báàgì tí aṣọ wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ó kó aṣọ náà jáde pẹ̀lú, ó jù wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní, "Papà, il sei dicembre vieni tu qui." Bàbá rẹ̀ ni kó wá síbí lọ́jọ́ kẹfà.

Káyọ̀dé wò mí. Èmi ò wo ẹnikẹ́ni.

Ọmọ náà ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó yí orí sí mi, ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ scuola media: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kàwé."

Mo tì í. Mo lọ sí kíṣìnì, mo bọ́ bàtà, mo jó. Káyọ̀dé tẹ̀ lé mi wọlé pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sókè. Mo ní, "Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ń kàwé."